Jíìpù Àtijọ́, Ọ̀nà Ìjòkó, àti Rédíétọ̀ Tó Tọ́ sí Wọn

    Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ dúró sẹ́yìn, ẹ̀yin gan-an ni mo kọ ọ̀rọ̀ yìí fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún síwájú kí ẹ lè gbọ́ dáadáa.

Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ pe ìpàdé yìí, mẹkáníìkì, ríwáyà, páńẹ́lì bítà, fọkanáísà, àti ẹ̀yin tí ẹ ń jó rédíétọ̀, iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n wá sọ bí a ṣe lè fi rédíétọ̀ tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ sínú jíìpù àtijọ́, irú èyí tí a ń gbé gba ọ̀nà ẹrẹ̀ àti ọ̀nà oko. Kókó ohun tí mo wá sọ kò pọ̀: lójú ọ̀nà tiwa níhìn-ín, afẹ́fẹ́ ni jíìpù kì í rí tó, kì í ṣe omi. Ẹni tó bá ra rédíétọ̀ gbàǹgbà láì ro bí afẹ́fẹ́ yóò ṣe gba àárín rẹ̀ kọjá nígbà tí ọkọ̀ bá ń fi jíà kìíní wọ́ lọ, ó ti náwó sínú omi.

Ilé là á wò

Ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ibo ni ọkọ̀ yìí ń gbé? Ó ń gbé ní Ìjòkó, ní agbègbè Ọ̀tà. Láti abẹ́ bíríìjì Sàngó títí dé Ìjòkó, tí a bá ń lọ sí ọ̀nà Agbádó, ẹ mọ ohun tí ojú ọkọ̀ ń rí. Àwọn tírélà tó ń kó ẹrù àwọn iléeṣẹ́ Ọ̀tà ń bá wa du ojú ọ̀nà. Nígbà òjò, omi á dúró nínú kòtò, ẹnikẹ́ni kò ní mọ bó ti jìn tó. Nígbà ọyẹ́, eruku á bo gbogbo nǹkan. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ onílé tó kọ́lé sí àdúgbò tuntun, àwọn awọ̀nlẹ̀ àti àwọn tó ń ru bulọ́ọ̀kù fi gbára lé Land Cruiser, Pajero, 4Runner, Pathfinder àti àwọn Land Rover díẹ̀ tó kù. Ọkọ̀ kékeré kò lè dé ibi tí wọ́n ń dé.

Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ọmọ bàbá kan náà. Oṣù Kẹrin ọdún 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ fi Land Rover han ayé, ní ìlú Amsterdam. Ọkọ̀ àgbẹ̀ ni wọ́n ṣe é láti jẹ́. Kò sí ẹni tó retí pé yóò máa sáré. Inú oko ni yóò máa rìn díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ẹrù. Nítorí náà, wọ́n fi fáànù tí bẹ́líìtì ń yí sí i lára. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, fáànù náà ń yí, kò sinmi. Toyota gbé ti wọn jáde ní 1951, wọ́n sì sọ ọ́ ní Land Cruiser ní 1954. Iléeṣẹ́ Leyland ní Ìbàdàn to Land Rover fún Nàìjíríà, àwọn àgbà tó wà níhìn-ín á sì rántí bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ń gbé e lọ sí abúlé tí kò ní títì. Àwọn jíìpù tòkunbọ̀ tó dé lẹ́yìn wọn láti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Títì márosẹ̀ ni wọ́n fojú sùn nígbà tí wọ́n ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n gbà pé bí ọkọ̀ bá ti ń sáré, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà á gba iwájú wọlé fúnra rẹ̀, fáànù kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Ẹ gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sàngó ní ọ̀sán gangan, kí ẹ wá wo ojú gééjì rẹ̀.

Ìṣirò ooru

Bí ìdá kan nínú mẹ́ta ooru epo tó ń jó nínú ẹ́ńjìnnì ló ń tọ omi lọ. Òmíràn bá èéfín jáde, èyí tó kù ló ń wa ọkọ̀. Ooru tó tọ omi lọ yìí ni rédíétọ̀ gbọ́dọ̀ gbé fún afẹ́fẹ́, kò sì lè gbé e ju bí ìyàtọ̀ ìgbóná àárín omi àti afẹ́fẹ́ bá ṣe tó lọ. Omi inú ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ dá máa ń wà ní bíi 90°C. Bí afẹ́fẹ́ ìta bá jẹ́ 20°C, bó ṣe máa ń rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyàtọ̀ náà jẹ́ 70. Lọ́dọ̀ wa, nínú oṣù Kejì tàbí oṣù Kẹta, afẹ́fẹ́ lè gbóná dé 35°C, ìyàtọ̀ náà á sì di 55. Rédíétọ̀ kan náà, fáànù kan náà, ó ti pàdánù ju ìdá kan nínú márùn-ún agbára rẹ̀ lọ kí ọkọ̀ tó jáde nínú ọgbà. Bí a bá tún tan AC, tí rédíétọ̀ kékeré tirẹ̀ wà níwájú ti omi, afẹ́fẹ́ tó kù ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó dé ibi tí a ń rán an.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1900, Wilhelm Maybach ní ilẹ̀ Jámánì ṣe rédíétọ̀ alápapọ̀ páìpù wẹ́wẹ́ fún ọkọ̀ Mercedes alágbára ẹṣin 35. Páìpù kéékèèké 8,070 ni wọ́n tò pọ̀ nínú rẹ̀, ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì ju mílímítà 6 sí 6 lọ. Omi tí ọkọ̀ náà nílò wá sí lítà 9 péré. Ohun tó wù mí jù nínú iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni pé ó fi fáànù sẹ́yìn rédíétọ̀ náà, kí ẹ́ńjìnnì má baà gbóná nígbà tí ọkọ̀ bá ń rọra rìn. Láti ọdún náà ni ẹni tó ń ṣe rédíétọ̀ ti mọ̀ pé ìrìn pẹ̀lẹ́ ló ń dán an wò jù.

Ẹ wádìí kí ẹ tó náwó

Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ọkọ̀ ń gbóná. Oníbàárà dé pẹ̀lú ìbínú. Kíá, wọ́n ti ní kó lọ ra rédíétọ̀. Ẹ dákun, ẹ kọ́kọ́ bi awakọ̀ léèrè kan: níbo ló ti ń gbóná?

Ọkọ̀ tó ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sàngó, ṣùgbọ́n tí gééjì rẹ̀ ń wálẹ̀ bó bá ti já sí márosẹ̀ Abẹ́òkúta tó sì ń sáré, afẹ́fẹ́ ló ń wá. Ẹ yẹ fáànù wò, ẹ yẹ clutch fáànù wò, ẹ yẹ ike tó yí fáànù ká wò. Èyí tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ ní Ìjòkó, ṣùgbọ́n tó ń gbóná nígbà tó bá ń sáré lọ sí Abẹ́òkúta, omi rẹ̀ ni kò ráyè kọjá: páìpù inú rédíétọ̀ ti dí, tàbí wọ́tà pọ́ọ̀ǹpù ti rẹ̀. Ìbéèrè kan yìí kò gba owó, kò gba irinṣẹ́, ó sì ń yọ oníbàárà nínú ìnáwó tí kò nídìí.

Lẹ́yìn náà, ní òwúrọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ẹ ṣí ìdérí, ẹ tan ọkọ̀, kí ẹ wo omi. Bí ó bá ń ru fóló-fóló láì dáwọ́ dúró nígbà tí kò tíì gbóná, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé gásíkẹ́ẹ̀tì orí ti jó, tí afẹ́fẹ́ inú sílíńdà ń wọ inú omi. Kò sí rédíétọ̀ tó lè wo ìyẹn sàn. Bí omi kò bá ru, ẹ dé ìdérí padà, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí ẹ pa á, kí ẹ rọra fi ẹ̀yìn ọwọ́ wo ojú rédíétọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tó bá tutù láàárín ibi tó gbóná, ibẹ̀ ló ti dí. Ṣùgbọ́n mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ tó gbóná. Omi tó wà nínú rẹ̀ lè ju 100°C lọ láì hó, nítorí pé ìdérí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ṣí i, wéré ló máa di èéfín omi gbígbóná, ojú àti àyà ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn ló sì ń gbà á. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, bí ọ̀gá bá tilẹ̀ ń pariwo pé kí ẹ yára, ẹ má ṣe é.

Èwo ni ká rà?

Bàbà àti idẹ ni wọ́n fi ṣe rédíétọ̀ àtijọ́, wọ́n sì fi òjé jó o pọ̀. Alumíníọ́ọ̀mù tó ní tánkì ike lókè àti nísàlẹ̀ ni ti ìgbàlódé. Àríyànjiyàn lórí méjèèjì kì í tán nínú ọgbà mẹkáníìkì. Òtítọ́ ni pé bàbà ń gbé ooru ju alumíníọ́ọ̀mù lọ dáadáa. Òtítọ́ náà sì ni pé alumíníọ́ọ̀mù fúyẹ́, wọ́n lè fi ṣe páìpù tó fẹ̀ jù, kò sì ní òjé láàárín tí yóò dí ooru lọ́nà. Lórí títì tó dán, alumíníọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣe dáadáa kò sí lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà Ìjòkó ni à ń sọ. Fírémù jíìpù àtijọ́ máa ń lọ́ bí taya kan bá wọ kòtò tí èkejì sì wà lórí òkè. Rédíétọ̀ alumíníọ́ọ̀mù tí a fi bóòtù de gbagbaagba mọ́ fírémù láì fi rọ́bà tìmùtìmù sí ìdí rẹ̀ á sán níbi ojú ìpàdé. Bó bá sì sán, ẹni tó ń jó òjé kò lè ràn án lọ́wọ́; gọ́ọ̀mù ni wọ́n ó fi lẹ̀ ẹ́, gọ́ọ̀mù kì í sì í bá ooru gbé pẹ́. Ìmọ̀ràn tèmi fún ẹni tó ní Land Rover tàbí Land Cruiser ogbó tí bàbà rẹ̀ ṣì lágbára ni pé kó má sọ ọ́ nù. Kó gbé e fún ọ̀gá tó mọ iṣẹ́, kí ó fi kọ́ọ̀ tuntun, ìyẹn àárín rédíétọ̀ tí páìpù wà, sínú tánkì idẹ àtijọ́. Bí kọ́ọ̀ bàbà kò bá sí lọ́jà, kó ra alumíníọ́ọ̀mù tó nípọn, kó sì wá rọ́bà sí ìdí rẹ̀ kó tó de bóòtù kankan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ yẹn ti ń rí, nítorí àwọn ọmọ wa tó wà ní ilé-ìwé kò tíì rí i. Ọ̀gá á tan iná, á rọra yọ́ òjé tó so tánkì orí mọ́ kọ́ọ̀, á sì gbé tánkì náà kúrò bí ẹni ṣí ìkòkò. Ẹnu páìpù á fara hàn, pẹlẹbẹ ní ìlà ní ìlà. Àwọn kan á ṣí sílẹ̀, àwọn mìíràn á ti fi nǹkan funfun àti ìpẹtà pupa dí pátápátá. Yóò mú irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́, yóò kì í bọ inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹrẹ̀ pupa á máa já bọ́ sílẹ̀. Nígbà tó bá jó tánkì padà, á ri gbogbo rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù omi, á dí ẹnu kan, á fẹ́ atẹ́gùn kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ sí ẹnu kejì, á sì tẹjú mọ́ omi. Ibi tí èéhó bá ti jáde, ibẹ̀ ló ń jò. Mo gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ tó ga ni èyí, ó sì ń kú lọ nítorí pé a ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ohun gbogbo tó bá jò ni kí á sọ nù.

Ọ̀rọ̀ ìlà páìpù ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí rédíétọ̀ bá ṣe nípọn tó ni yóò ṣe tutù tó: ìlà méjì dára, mẹ́ta dára jù, mẹ́rin ló ga jù. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn díẹ̀díẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá fi máa la ìlà mẹ́ta kọjá ti gbóná, ohun tó kù fún ìkẹrin kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni kọ́ọ̀ tó nípọn ń dá fáànù tí kò lágbára dúró. Rédíétọ̀ tí ojú rẹ̀ fẹ̀, tó gba gbogbo àyè tó wà níwájú ọkọ̀, dára ju èyí tó nípọn lọ. Ewé páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà láàárín páìpù náà, ẹ má yan èyí tí wọ́n tò há jù, nítorí ẹrẹ̀ Ìjòkó á wọ inú rẹ̀ kò sì ní jáde mọ́. Ibi tí ẹ bá sì ti ń fọ ọkọ̀, ẹ má gbà kí wọ́n fi omi alágbára láti iwájú kọlu rédíétọ̀. Ewé rẹ̀ á tẹ̀, ẹrẹ̀ á sì wọlé sí i. Láti ẹ̀yìn, ní ìhà ẹ́ńjìnnì, ni kí ẹ ti fi omi tí kò lágbára fọ̀ ọ́ síta.

Fáànù àti ike rẹ̀

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ gbé sọ́kàn lọ sílé. Ike tó yí fáànù ká, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń yọ sọ nù nítorí pé ó ń dí ọwọ́ lọ́nà nígbà tí a bá ń pààrọ̀ bẹ́líìtì, ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Òun ló ń fipá mú fáànù láti fa afẹ́fẹ́ gba gbogbo ojú rédíétọ̀. Bí kò bá sí, fáànù á fa afẹ́fẹ́ tó rọrùn fún un, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, tó ti gbóná tẹ́lẹ̀. Ẹ wo ẹni tó ń fi sítíróò tó lu fa kóòkì: ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kóòkì kò gòkè. Bí ike náà bá ti fọ́, ẹ̀yin páńẹ́lì bítà, ẹ lè fi páànù rọ òmíràn. Kí abẹ fáànù bọ́ sínú rẹ̀ dé ìdajì, kí àyè díẹ̀ sì wà yí i ká tí kò fi ní gbá a.

Ní ti fáànù fúnra rẹ̀, mo mọ̀ pé àṣà wa ni láti yọ ti bẹ́líìtì, ká fi fáànù oníná ọkọ̀ kékeré dípò. Fún ẹ́ńjìnnì jíìpù, n kò fara mọ́ ọn. Fáànù oníná tó lágbára tó ẹ́ńjìnnì ńlá ń jẹ iná púpọ̀, alternator ọkọ̀ àtijọ́ kò sì sábà tó o gbé. Iná bátìrì á lọọlẹ̀, fáànù á máa yí wọ́rọ́wọ́rọ́, awakọ̀ á gbà pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi fáànù oníná sí i dandan, kó kọ́kọ́ fi alternator tó lágbára sí i, kí ríwáyà sì fi wáyà tó nípọn àti rílé tirẹ̀ sí i. Clutch fáànù tó ti kú ni ọ̀pọ̀ ìgbà tí ẹ bá rí i pé ti bẹ́líìtì kò fẹ́ afẹ́fẹ́ tó. Ẹ pààrọ̀ ìyẹn, ọ̀ràn náà lè parí síbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ojú ọ̀nà wa fi yàtọ̀: bí ọkọ̀ bá wọ inú omi tó jìn, abẹ fáànù tó ń sáré lè tẹ̀ síwájú nígbà tó bá gbá omi, kó sì gé rédíétọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé omi wà níwájú, kó rọra wọ̀ ọ́, kó má tẹ epo. Kó fi tapólì bo iwájú ọkọ̀ títí yóò fi là á já, kó sì yọ ọ́ kíá tó bá ti dé òdìkejì.

Ìdérí, tẹ́mósítáàtì, àti omi

Ìdérí kì í ṣe ọmọrí lásán. Èyí tí wọ́n kọ 13 psi sí, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń tẹ omi mọ́lẹ̀ tí omi kò fi ní hó títí yóò fi sún mọ́ 120°C. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ti le tàbí ti ya, omi á hó ní 100 péré, rédíétọ̀ tuntun yòówù tí ẹ bá rà. Ẹ má fi ìdérí tí agbára rẹ̀ ju ti ìwé ọkọ̀ lọ sórí rédíétọ̀ ogbó, nítorí pé yóò ya á.

Ní ti tẹ́mósítáàtì, mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á bínú sí mi. Ẹ dá a padà síbẹ̀. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan wà tó jẹ́ pé tẹ́mósítáàtì náà ló ń pa ọ̀nà ẹ̀bùrú tí omi lè gbà yẹra fún rédíétọ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́, omi á gba ẹ̀bùrú, ọkọ̀ á sì gbóná sí i. Nínú àwọn tó kù, ẹ́ńjìnnì á máa tutù jù, á máa jẹ epo, ara irin á sì tètè máa jẹ ara wọn. Bí ti ọkọ̀ náà bá ti kú, ẹ rà á tuntun, kí ẹ sè é nínú ìkòkò omi kí ẹ rí i pé ó ń ṣí kí ẹ tó fi sí i.

Omi kànga tó ń fi àwọ̀ pupa sára báàfù yín, ohun tó ń ṣe sí báàfù náà ló ń ṣe nínú rédíétọ̀. Ẹ lo omi bátìrì pọ̀ mọ́ coolant. Níwọ̀n bí a kò ti mọ yìnyín lọ́dọ̀ wa, ìdá kan coolant sí ìdá méjì omi tó láti gba irin lọ́wọ́ ìpẹtà, àfi bí ìwé ọkọ̀ bá sọ ohun mìíràn. Àwọ̀ ewé tàbí pupa kò tó láti fi mọ irú rẹ̀. Ẹ ka ara ike rẹ̀ bóyá ó bá bàbà tàbí alumíníọ́ọ̀mù mu.

Ẹ̀kọ́ Pathfinder

Ẹ ṣọ́ra fún Nissan Pathfinder, Xterra àti Frontier ọdún 2005 sí 2010 tó ní jíà ọ́tò. Nínú tánkì rédíétọ̀ wọn ni ọ́ìlì jíà ti ń gba ìtura. Ìdènà tó wà láàárín omi àti ọ́ìlì máa ń ya nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, méjèèjì á pò pọ̀, jíà á sì bàjẹ́ pátápátá. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ náà sì fi kún àkókò tí wọ́n ń ṣe ìdúró fún rédíétọ̀ náà níbẹ̀. Ìdúró yẹn kò tẹ̀ lé tòkunbọ̀ dé Ìjòkó. Nítorí náà, bí irú rẹ̀ bá wọlé sínú ọgbà yín, bó tilẹ̀ jẹ́ fún ohun mìíràn, ẹ yẹ omi rẹ̀ wò. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá dà bíi tíì tí a bu mílíìkì sí, kí ọkọ̀ náà má yí taya mọ́. Bí omi rẹ̀ bá ṣì mọ́, ẹ gba olówó rẹ̀ nímọ̀ràn pé kó pààrọ̀ rédíétọ̀ náà, tàbí kó wá kúlà ọ̀tọ̀ fún ọ́ìlì jíà. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì owó jíà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń jó òjé

Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ni òjé yìí. Májèlé ni. Ní Zamfara ní ọdún 2010, eruku òjé tó wá láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta fún góòlù pa ọ̀pọ̀ ọmọdé. Iye òjé tí ẹ ń lò kéré sí ti ibẹ̀, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ẹ ń fà á símú. Ẹ máa jó o níta gbangba, kí afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn yín. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Ẹ má wọ aṣọ iṣẹ́ wọlé lọ gbé ọmọ. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ tó ṣì kéré bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìkòkò òjé.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí Covenant University àti Bells University of Technology, tí àwọn méjèèjì wà ní Ọ̀tà yìí, ni pé kí àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ẹ́ńjìnnì wọn rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá sí àwọn ọgbà yìí. Kí wọ́n mú ẹ̀rọ tó ń wọn ooru àti èyí tó ń wọn ìyára afẹ́fẹ́ lọ́wọ́, kí wọ́n wọn ọkọ̀ tó ní ike fáànù àti èyí tí kò ní. Ohun tí wọ́n bá rí á wúlò fún ìwé wọn, á sì wúlò fún wa.

   Rédíétọ̀ mẹ́ta wà lórí tábìlì níwájú yìí, bàbà kan, alumíníọ́ọ̀mù méjì, a ti la ọ̀kan sí méjì. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá wò ó.